Ọkọ̀ Akẹ́rù Tí Ó Bá Iṣẹ́ Mu Sàn Ju Èyí Tí Ó Wu Ojú Lọ

Àròkọ Alárìíyànjiyàn

Ìlapa Èrò

(a) Ìfáàrà: ìwúlò ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù láàrin wa, àti ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.
(b) Ẹrù: bí a ṣe ń ṣírò ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè rù.
(d) Oríṣi ọkọ̀: onílẹ̀kùn méjì tàbí onílẹ̀kùn mẹ́rin, ọ̀nà tí yóò máa tọ̀, epo tí yóò máa mu.
(e) Àtúnṣe: mẹkáníìkì àti ohun èlò ìpààrọ̀.
(ẹ) Ohun èlò àfikún: èyí tí ó ṣe kókó àti èyí tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán.
(f) Èrò àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀, àti èsì rẹ̀.
(g) Ìgúnlẹ̀.

Àròkọ

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí ènìyàn lè dé tí kò ní rí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí a ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Òun ni ó ń kó kòkó láti abà wá sí ìlú. Òun ni ó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ lọ sí ọjà. Òun ni ó ń gbé pákó fún gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ó ń gbé sìmẹ́ńtì fún bíríkìlà, tí ó sì ń gbé àga àti àtíbàbà lọ sí ibi ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé. Bí ọkọ̀ yìí ti wúlò tó, bẹ́ẹ̀ náà ni owó rẹ̀ ga tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò ra tuntun rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lè dá a rà, àfi bí wọ́n bá da owó jọ nínú ẹgbẹ́. Nítorí náà, àṣìṣe tí a bá ṣe nígbà tí a ń yan irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àṣìṣe ọjọ́ kan. A ó máa san gbèsè rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ni.

Síbẹ̀, bí a bá ṣe àkíyèsí dáadáa, a ó rí i pé ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra ọkọ̀. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ń dán, bí ó bá ga sókè, bí irin funfun bá wà ní iwájú rẹ̀, tí gíláàsì rẹ̀ sì dúdú, owó ti jáde lápò nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí ọkọ̀ náà yóò máa rù àti ọ̀nà tí yóò máa gbà. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè yìí gan-an ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹrù ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n, ọ̀nà ni kí a tẹ̀ lé e, ẹni tí yóò tún ọkọ̀ ṣe ni kí a fi ṣe ìkẹta. Ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni kí a tó wo ẹwà. Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú àwọn ohun èlò tí a ń rà kún ọkọ̀: èyí tí yóò dáàbò bo ẹ̀mí àti ẹrù ni kí owó kọ́kọ́ dé, kí ọ̀ṣọ́ dúró de ohun tí ó bá ṣẹ́ kù.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a ní í lọ́kàn pé àwọn àgbẹ̀ kòkó kan ní agbègbè Ìdànrè dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti ń san ohun tí ó mọ níwọ̀n bọ̀ láti ìkórè kan dé òmíràn, owó náà sì ti tó ra ọkọ̀ kan ṣoṣo. Owó yìí kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó oògùn kòkó àti owó òrùlé tí ó yẹ kí a fi pààrọ̀ èyí tí ó ń jò wà nínú rẹ̀. Irú ọkọ̀ wo ni ó yẹ kí wọ́n rà?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ṣírò ẹrù wọn. Gbogbo ọkọ̀ tí ó bá jáde láti ilé iṣẹ́ ni ó ní ìwé tirẹ̀. Nínú ìwé náà ni a ó ti rí ìwọ̀n méjì: ìwọ̀n ọkọ̀ náà nígbà tí ó ṣófo, àti ìwọ̀n tí òun àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Bí a bá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni agbára ọkọ̀ náà. Fún púpọ̀ nínú àwọn píkọ́ọ̀pù tí ó wọ́pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, agbára yìí kò ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ, èyí tí í ṣe 1,000 kílò. Ti àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tọ́ọ̀nù kan kò pọ̀ tó bí ojú ti ń rò ó. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò. Àpò 20 péré ti di tọ́ọ̀nù kan. Àpò kòkó tí a wọ̀n fún títà jẹ́ kílò 62 àti ààbọ̀. Àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan. Omi tí ó kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà 40 jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, láìka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Ti iyanrìn ló tilẹ̀ ń tan ènìyàn jẹ jù: kí ó tó dé ìdajì ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù gígùn, ó ti lé ní tọ́ọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ yóò máa wò ó pé ọkọ̀ òun kò tíì kún. Ẹrù tí ó gba àyè kọ́ ni ó máa ń wúwo. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Ká ní ọkọ̀ tí wọ́n ń wò jẹ́ 1,900 kílò nígbà tí ó ṣófo, tí òun àti ẹrù rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá 2,900. Èyí fún wọn ní 1,000 kílò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lè wa ara rẹ̀. Awakọ̀ àti ènìyàn méjì tí yóò tẹ̀ lé e, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 70 kílò, ti mú 210 lọ. Ó ku 790. Èyí tó àpò kòkó 12. Bí wọ́n bá wá lọ so irin gbàgbà mọ́ iwájú ọkọ̀, tí wọ́n so irin mìíràn mọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n sì gbé agbẹ̀rù lé orí rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100 kílò, ohun tí ó kù di 690, èyí tí kò ju àpò 11 lọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀ṣọ́ ti jẹ àpò kòkó kan nínú ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan! Owó ni wọ́n fi rà á, owó ni yóò sì máa gbà lọ́wọ́ wọn títí tí ọkọ̀ náà yóò fi gbó.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Kí ló burú bí a bá di àpò 25 lé e? Ṣebí ọkọ̀ náà yóò rìn." Òtítọ́ ni pé yóò rìn. Ìdúró rẹ̀ ni wàhálà. Ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù kì í tètè dúró bí a bá tẹ bíréèkì, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bí irú èyí tí ó pọ̀ ní agbègbè Ìdànrè. Táyà rẹ̀ yóò máa gbóná títí yóò fi bẹ́. Bí ẹrù bá sì pọ̀ sí ìdí ọkọ̀ jù, iwájú rẹ̀ yóò fúyẹ́, ọwọ́ awakọ̀ kò sì ní ràn án mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò gbà fún un. Ẹrù kò ní sọ fún wa pé òun ti pọ̀ jù. Àwa tí a ń di ẹrù ni kí a má gbà fún un.

Lẹ́yìn ìṣirò ẹrù ni ọ̀rọ̀ kan irú ọkọ̀ tí a ó rà. Oríṣi méjì ni píkọ́ọ̀pù tí a mọ̀ jù: onílẹ̀kùn méjì àti onílẹ̀kùn mẹ́rin. Onílẹ̀kùn méjì kì í gbà ju ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ju mítà méjì lọ. Onílẹ̀kùn mẹ́rin lè gba ènìyàn márùn-ún ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n àyè tí àwọn ènìyàn gbà, inú àyè ẹrù ni a ti yọ ọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń gbé pákó ẹsẹ̀ bàtà 12 yóò rí ìyàtọ̀ yìí ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Pákó tí ó yọ síta ní ìwọ̀n díẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò yọ ju ìdajì rẹ̀ lọ lẹ́yìn ọkọ̀ kejì, yóò sì di ewu fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, pàápàá ní alẹ́.

Nínú ọkọ̀ méjèèjì yìí, onílẹ̀kùn mẹ́rin ni ó máa ń wu ènìyàn jù, nítorí pé ó jọ ọkọ̀ ìjọba àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà ń kó lọ sí oko ní àràárọ̀, onílẹ̀kùn mẹ́rin ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì gbà pé ẹrù tí yóò máa rù yóò dínkù. Ohun tí kò bójú mu ni kí wọ́n ra onílẹ̀kùn méjì, kí wọ́n wá máa kó òṣìṣẹ́ jókòó sórí àpò kòkó. A ń rí wọn lójoojúmọ́: ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin méjì, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn nígbà mìíràn, lórí ẹrù tí ó ga ju orí ọkọ̀ lọ, tí kò sí ohun kan tí wọ́n dì mú ju okùn lọ. Bí ọkọ̀ bá já sínú kòtò kan ṣoṣo, ilẹ̀ ni wọn yóò bá ara wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, kò yéé kìlọ̀ pé kí a má kó ènìyàn pọ̀ mọ́ ẹrù. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀ṣọ́ tó rí wa lójú títì, ọjọ́ tí a ń yan ọkọ̀ ni ó yẹ kí a ti ronú kan àwọn tí yóò wọ̀ ọ́. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò máa tọ̀ náà ṣe pàtàkì. Àwọn píkọ́ọ̀pù kan wà tí ó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Àwọn mìíràn wà tí ẹ́ńjìnnì lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irú èkejì yìí wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó wúwo jù ú lọ, ó ń mu epo jù ú lọ, irin tí ó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ẹni tí ń gbé àga àti àtíbàbà káàkiri Ìbàdàn lórí ọ̀dà kò ní ohun tí yóò fi ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí oko rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè, tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ pupa tí ń di ẹrẹ̀ láti oṣù kẹfà, tí ìkórè kòkó rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, kò gbọdọ̀ fi í ṣeré. Ọkọ̀ tí ó bá rì sínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ méjì pẹ̀lú kòkó lórí ti sọ owó nù. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ àṣejù fún ẹnì kan lè jẹ́ kò-ṣeé-má-nìí fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ni yóò sọ.

Bí a bá dé orí epo, ẹ́ńjìnnì tí ń lo dísù máa ń lágbára láti fa ẹrù wúwo ní ìrìn jẹ́jẹ́, epo tí ó ń mu lórí iye ibùsọ̀ kan náà sì máa ń kéré sí ti ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì dísù ti òde òní kò fẹ́ ìdọ̀tí rárá. Bí omi tàbí erùpẹ̀ bá wà nínú dísù tí a rà ní ẹ̀bá ọ̀nà, àtúnṣe rẹ̀ lè mú ènìyàn ta ilẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ibi tí ó ti lè rí dísù tí ó mọ́ rà nígbà gbogbo, bẹntiróòlù ni kí ó fara mọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé òun ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé ohun tí ọkọ̀ òun ń mu kò kan òun.

Ohun kẹta tí ó yẹ kí a wò ni ẹni tí yóò tún ọkọ̀ náà ṣe. Kò sí ọkọ̀ tí kì í bàjẹ́. Ohun tí ó ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn ni bí ó ti rọrùn tó láti gbé e dìde. Nígbà tí Peugeot 504 gbòde ní orílẹ̀-èdè yìí, tí ilé iṣẹ́ tí ń tò ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní ọdún 1975, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ kí ó pẹ́ lójú títì. Mẹkáníìkì abẹ́ igi ní ìlú kékeré mọ ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò ìpààrọ̀ rẹ̀ wà káàkiri. Ohun kan náà ni ó mú Toyota Hilux, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Jàpáànì ní ọdún 1968, di ọkọ̀ tí ènìyàn ń rí títí dé abà. Lóde òní, oríṣiríṣi píkọ́ọ̀pù ni ó wà lójà. Àwọn kan ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá. Ilé iṣẹ́ Innoson, tí a ṣí ní Nnewi ní ọdún 2010, náà ń ṣe tirẹ̀. Kò sí èyí tí a gbọdọ̀ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú. Ṣùgbọ́n kí a tó san owó, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí ọjà Àràrọ̀mí ní Gate ní Ìbàdàn, kí a bèèrè iye tí bíréèkì ọkọ̀ náà jẹ́, bóyá a lè rí iná iwájú rẹ̀ rà, àti iye ọjọ́ tí a ó fi dúró bí kò bá sí. Kí a bi mẹkáníìkì ìlú wa pẹ̀lú bóyá ó ti tú irú rẹ̀ rí. Bí ó bá gbọn orí, kí àwa náà tún inú rò. Ọkọ̀ tuntun tí ó dúró sí àgbàlá fún oṣù mẹ́ta nítorí irin kékeré kan kò sàn ju ògiri lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ àwọn ohun èlò àfikún. Ibí yìí gan-an ni ìfẹ́ ojú ti máa ń borí ọgbọ́n. Èrò tèmi ni pé táyà ni ó yẹ kí ó ṣáájú ohun gbogbo, nítorí pé òun nìkan ni ó fi ọkọ̀ kan ilẹ̀. Michelin ti ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007. Dunlop tí ó wà ní Ìkẹjà náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ táyà tí a ń lò ti ń ti òkèèrè wá, àwọn mìíràn sì ti pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tí ó bá mọ̀wé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a ta táyà arúgbó fún òun. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà tí ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Nọ́ńbà mìíràn wà níbẹ̀ tí ó ń sọ ẹrù tí táyà náà lè gbé. Bí nọ́ńbà yìí bá jẹ́ 109, táyà kan lè gbé 1,030 kílò. Bí ó bá jẹ́ 91, kò lè gbé ju 615 lọ. Bí àwọn àgbẹ̀ wa bá lọ fi táyà 91 tí ó wà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí ẹsẹ̀ píkọ́ọ̀pù wọn nítorí pé owó rẹ̀ dínkù tàbí nítorí pé ó ń dán, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè gbé ju 2,460 lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí ó ru ẹrù pé lè tó 2,900. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ra ìjàǹbá sílẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ fọganáísà.

Lẹ́yìn táyà ni sípíà táyà, jáàkì tí ó lè gbé ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù lórí, irin onígun mẹ́ta tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tí ó bá dúró lójú ọ̀nà, àti agolo ìpaná. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni okùn tí ó yi, tapólì tí yóò bo kòkó kúrò lọ́wọ́ òjò, àti irin tí ó dúró lẹ́yìn gíláàsì awakọ̀ kí ẹrù má baà já wọlé bá a bí ó bá tẹ bíréèkì lójijì. Rọ́bà líle tí a ń tẹ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà wúlò, nítorí ibi tí àpò àti òkúta bá ti họ ọ̀dà kúrò ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn-ún wò. Kò sí ẹni tí yóò dúró lójú títì kí ó máa yin jáàkì. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tí táyà bá bẹ́ láàrin igbó, a ó mọ iyì wọn.

Àwọn ohun èlò kan wà tí ó fi ara jọ ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ó ń tan ènìyàn jẹ. Àpẹẹrẹ kan ni sípíríǹgì tí àwọn kan máa ń fi kún ti ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó má baà tẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, wọn yóò rò pé agbára ọkọ̀ ti pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ni ó le sí i. Bíréèkì kò yí padà, táyà kò yí padà, egungun ọkọ̀ náà kò sì yí padà. Àmì tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún wọn pé ẹrù ti pọ̀ jù ni wọ́n pa mọ́ fún ara wọn. Òmíràn ni irin gbàgbà iwájú. Bí ó bá kọlu ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti iwájú ọkọ̀ lásán lọ. Gbígbé ọkọ̀ ga sókè kí ó lè dúró bí akọni náà ní ewu tirẹ̀, nítorí ohun tí ó bá ga tí ó sì ru ẹrù kì í pẹ́ ṣubú ní kọ́nà. Ní ti gíláàsì dúdú, òfin ti wà láti ọdún 1991 tí ó kà á léèwọ̀ láìgba àṣẹ. Kí ni èrè ẹni tí ó fi owó ra ohun tí yóò mú kí a máa dá a dúró lójú ọ̀nà?

Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní fara mọ́ èrò yìí. Àwọn kan yóò sọ pé ọkọ̀ tí ó dùn-ún wò máa ń fún oníṣòwò ní iyì, àti pé oníbàárà a máa fọkàn tán ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a máa gun ọkọ̀ jákujàku. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú oníbàárà padà wá ni pé ẹrù rẹ̀ dé ní àkókò, kò tutù, kò sì sọnù. Ọkọ̀ tí a fọ̀, tí iná rẹ̀ ń tàn, tí ẹrù orí rẹ̀ gún régé lábẹ́ tapólì, ní iyì tirẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní ọkọ̀ tí ó ní ọ̀ṣọ́ ni ó máa ń rọrùn láti tà bí ọjọ́ bá pẹ́. Èyí náà lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọkọ̀ rà yóò wo abẹ́ rẹ̀ kí ó tó wo iwájú rẹ̀. Bí egungun rẹ̀ bá ti tẹ̀ nítorí ẹrù àpọ̀jù, irin funfun kò ní bo àṣírí.

Àwọn kan sì wà tí yóò sọ pé kí a kúkú ra èyí tí ó tóbi jùlọ, nítorí a kò mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Lóòótọ́ ni ó dára kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀la. Ẹni tí ń ru àpò 10 lónìí lè ru 12 lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ ńlá tí ń rìn lófìfo lójoojúmọ́ ń mu epo ẹrù tí kò rù. Ẹgbẹ́ tí ó bá ná gbogbo owó rẹ̀ tán sórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní rí owó ìwé mọ́tò àti ìbánigbófò san, kò sì ní lè ra táyà nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá gbó.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ wa, kí a sì dá wọn lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé àpò kòkó 10 sí 12 ni wọ́n ń kó lẹ́ẹ̀kan, tí ẹni tí ń tẹ̀ lé ẹrù kò ju méjì lọ, tí ọ̀nà oko wọn sì máa ń di ẹrẹ̀, píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn méjì tí ẹ́ńjìnnì lè yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí mẹkáníìkì ìlú wọn sì mọ̀ tinútẹ̀yìn, ni kí wọ́n rà. Kí wọ́n fi owó irin iwájú ra táyà tí ó lè gbé ẹrù wọn, okùn, tapólì, jáàkì àti agolo ìpaná. Kí wọ́n kọ iye àpò tí ọkọ̀ náà lè rù sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀ gàdàgbà, kí awakọ̀ lè fi han ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Kí wọ́n sì fi ohun tí ó bá ṣẹ́ kù pamọ́ de ọjọ́ àtúnṣe. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwà lẹwà. Kí ọkọ̀ gbé ẹrù rẹ̀ dé ilé, kí àwọn tí ó bá a lọ sì bá a padà, ìyẹn ni ìwà tí a ń wá lára ọkọ̀ akẹ́rù.